Orin Tí Ó Bá Ọkọ̀ Òkun Lọ sí Amẹ́ríkà

Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ó ní ohun tí ó lè gbé, ó sì ní ohun tí kò lè gbé. Kò lè gbé ilé. Kò lè gbé oko. Bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, àpótí kan ṣoṣo ni yóò mú dání. Ṣùgbọ́n orin tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọlọ́kọ̀ tí ó lè gba owó ẹrù lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kan tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀, tí wọ́n kọjá òkun ńlá lọ sí Amẹ́ríkà, ni a fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú orin wọn rí ní ọ̀hún.

Àwọn wo ni?

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa Ìlú Ọba. Àwa a máa rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo òyìnbó ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní apá gúúsù erékùṣù náà. Àwọn ará Skọ́tlándì wà ní àríwá, àwọn ará Wales sì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Bí ènìyàn bá tún wọ ọkọ̀ ojú omi síwájú díẹ̀, yóò kan erékùṣù mìíràn, èyí ni Írẹ́lándì. Àwọn ará Írẹ́lándì, àwọn ará Wales àti àwọn tí ń gbé orí òkè ní Skọ́tlándì ní èdè tiwọn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé pe ìdílé èdè náà ní Kẹ́ltì. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pe orin wọn náà ní orin Kẹ́ltì.

Orúkọ yìí kò ṣe déédéé tán, nítorí orin kì í mọ ààlà. Orin tí a ń kọ ní Skọ́tlándì, a ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a pààlà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ aráyé lẹ́nu. Àwa náà yóò máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Oríṣi orin méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù. Èkínní ni orin ìtàn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kọ ọ́, láìsí ìlù, láìsí fèrè. Ó lè gùn tó ogún ẹsẹ̀. Ó lè sọ nípa ọba tí ó rán atukọ̀ sínú ìjì, tàbí ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì sínú odò nítorí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ burúkú ló pọ̀ nínú wọn, ikú àti ọ̀dàlẹ̀ àti ìfẹ́ tí kò bọ́ sí i. Síbẹ̀ akọrin kì í sunkún, kì í sì í pariwo. Ó kàn ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Èkejì ni orin ijó. Èyí kò nílò ọ̀rọ̀. Gòjé òyìnbó ni wọ́n fi ń ta á. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí gòjé àwọn Hausa yóò mọ bí ó ti rí: ọrun kan wà tí a fi irun ìrù ẹṣin ṣe, òun ni a fi ń ha okùn náà. Ti òyìnbó ní okùn mẹ́rin. Àwọn atagòjé wọ̀nyí a sì máa ha okùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń sọ orin, èkejì dúró sí ojú kan, ó ń kùn bí oyin, gẹ́gẹ́ bí fèrè alápò ti Skọ́tlándì ti máa ń ṣe.

Ohun kan wà nínú orin wọn tí kò ní ṣàjèjì sí etí wa. Púpọ̀ nínú àwọn orin àtijọ́ náà kò lò ju ohùn márùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú orin ìbílẹ̀ Yorùbá rí.

Ohun tí ó lé wọn kúrò nílé

Kì í ṣe ìgbádùn ló gbé wọn lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1609, ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Írẹ́lándì ní agbègbè Ulster ní àríwá, ó sì fi í fún àwọn ará Skọ́tlándì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́ dó. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá náà kò rójú. Owó ilẹ̀ ń gòkè, oko kò so dáadáa, ìjọba sì ń ni wọ́n lára nítorí ìjọ tí wọ́n ń lọ. Láti ọdún 1718 ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ọ̀pọ̀. Kí ó tó di ọdún 1775, àwọn tí wọ́n lọ ti ju 100,000 lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ẹlòmíràn ti gba ilẹ̀ dáadáa tí ó wà létí òkun. Wọ́n bá kọrí sí inú igbó, sí àwọn òkè ńlá tí à ń pè ní Appalachia, ní Virginia, North Carolina, Kentucky àti Tennessee. Ilẹ̀ àwọn ará Íńdíà ti Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìyà lé kúrò nílé tirẹ̀ lọ lé ẹlòmíràn kúrò nílé. Báyìí ni ayé ṣe ń yí.

Ní orí òkè Skọ́tlándì pẹ̀lú, àwọn onílẹ̀ lé àgbẹ̀ jáde kí àgùntàn lè rí ibi jẹ. Irun àgùntàn ní owó lórí ju àgbẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn gba Kánádà àti North Carolina lọ.

Èyí tí ó burú jù dé ní ọdún 1845. Pòtétò ni oúnjẹ tálákà ní Írẹ́lándì. Àrùn kan wọ inú rẹ̀, ó jẹrà sínú ilẹ̀. Ọdún mélòó kan ni ìyà náà fi bá wọn jà. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú. Àwọn tí ó sá kúrò nílùú ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí ó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ń kó àlìkámà àti màlúù jáde ní Írẹ́lándì lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ebi ti ń pa ará ilé. Àwọn tí ó sá wọ̀nyí kò lọ sí orí òkè. Ìlú ńlá ni wọ́n dúró sí, New York, Boston àti Chicago.

Barbara Allen

Ẹ jẹ́ kí a mú orin kan ṣoṣo kí a tẹ̀lé e. Orúkọ rẹ̀ ni Barbara Allen. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Pepys, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1666 pé òun gbọ́ orin náà, ó sì pè é ní orin Skọ́tlándì.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣàìsàn nítorí ìfẹ́ Barbara Allen. Ó ránṣẹ́ pè é. Ọmọbìnrin náà wá, ṣùgbọ́n kò yára wá. Ó wo ọkùnrin náà lójú, ó ní ó ti ń kú lọ. Ó bínú sí i nítorí ọkùnrin náà ti fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nígbà kan. Ọkùnrin náà kú. Bí Barbara ti ń lọ sílé ni ó gbọ́ agogo òkú. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, òun náà sì kú tẹ̀lé e. Wọ́n sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òdòdó hù lórí sàréè ọ̀kan, ẹ̀gún hù lórí sàréè èkejì, méjèèjì sì dìrọ̀ mọ́ ara wọn.

Ní ọdún 1907, obìnrin kan tí ń jẹ́ Olive Dame Campbell wà ní ilé ìwé kan ní Hindman, ní òkè Kentucky. Ọmọbìnrin ilé ìwé kan kọ orin fún un. Barbara Allen ni! Ìgbà tí ó ti kọjá láti ayé Pepys jẹ́ ọdún 241. Ohùn orin náà kò jọ èyí tí obìnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ni. Ìyàwó Campbell bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Báwo ni orin náà ṣe dé ibẹ̀? Ìyá ló kọ ọ́ fún ọmọ nídìí iṣẹ́, ọmọ sì kọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé. Àwọn òkè náà ga, ọ̀nà kò sí, àlejò kò pọ̀. Ohun tí àwọn tí ó wà ní ìlú ti gbàgbé, àwọn ará òkè ṣì mọ̀ ọ́n.

Orin tí ó bá ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu kì í ṣàì yí padà. Ní ibì kan, orúkọ ọkùnrin inú orin náà yàtọ̀. Ní ibòmíràn, ìlú tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn orin kan tilẹ̀ yí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin kan wà nípa obìnrin tí ó fi ọkọ rẹ̀ káfíńtà sílẹ̀, tí ó bá ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ òkun, tí ọkọ̀ náà sì rì. Ní Skọ́tlándì àtijọ́, ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn, iwin ni. Nígbà tí orin náà dé Amẹ́ríkà, iwin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú rẹ̀. Ọkùnrin lásán tí ó ti òkun dé ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Òmíràn wà tí ó sọ nípa ọmọ ogun kan tí ó ń kú lọ, tí ó ní kí wọ́n fi ìlù àti fèrè sin òun bí wọ́n ti ń sin ọmọ ogun. Àwọn darandaran ní apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n fi darandaran tí wọ́n yìnbọn lù rọ́pò ọmọ ogun náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti yọ ìlù àti fèrè kúrò. Ta ni í fi ìlù ológun sin darandaran? Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé orin náà ti wọ aṣọ mìíràn rí.

Àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀

Ní ọdún 1916, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Cecil Sharp, gbọ́ nípa iṣẹ́ ìyàwó Campbell, ó sì gun àwọn òkè náà lọ. Ara rẹ̀ kò le, èémí a máa dí i. Ọmọbìnrin kan, Maud Karpeles, bá a lọ. Sharp ń kọ ohùn orin, Karpeles ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá. Láti ọdún 1916 títí di 1918, ọ̀sẹ̀ 46 ni wọ́n fi rìn kiri láti ilé dé ilé. Sharp kọ ọ́ pé orin kíkọ wọ́pọ̀ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rọ̀ sísọ. Jane Hicks Gentry, ìyá ọlọ́mọ kan ní ìlú Hot Springs ní North Carolina, òun nìkan kọ orin tí ó ju 60 lọ fún wọn. Ẹ rò ó wò: orin 60, gbogbo rẹ̀ wà lórí, kò sí ìwé kankan níbẹ̀!

Iṣẹ́ ńlá ni Sharp ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú kálàmù dání ni ó ń yan ohun tí yóò wọ inú ìwé. Orúkọ tí ó fi sórí ìwé náà ní ọdún 1917 ni orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú ń gbé ní àwọn òkè wọ̀nyẹn, wọ́n ní orin. Sharp fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà sọ́dọ̀ wọn rárá.

Ọkùnrin mìíràn wà ní Chicago tí inú mi dùn sí ìtàn rẹ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ ni Francis O'Neill. Wọ́n bí i ní Írẹ́lándì ní ọdún 1848. Ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Chicago ní 1873, ó sì di ọ̀gá àgbà wọn láti ọdún 1901 sí 1905. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìí fẹ́ràn orin ìlú rẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá gbọ́ pé ará Írẹ́lándì kan mọ orin tí òun kò mọ̀, kò ní sinmi. Ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé. Ọlọ́pàá mìíràn, James O'Neill, ló mọ̀ ọ́n. Francis yóò fi fèrè fọn ún tàbí kí ó fi ẹnu kọ ọ́, James yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1903, wọ́n tẹ ìwé jáde, orin 1,850 ló wà nínú rẹ̀. Títí di òní, àwọn olórin ní Írẹ́lándì ń lo ìwé tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kó jọ.

Gòjé pàdé bánjò

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló wà ní Amẹ́ríkà. Ó tó àkókò kí a sọ ìyókù.

Àwọn kan wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ibẹ̀ tí wọn kò fẹ́ lọ. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n ni. Àwọn ẹrú láti Áfíríkà wọ̀nyí náà gbé orin wọn lọ. Wọ́n ṣe ohun èlò kan: akèrègbè tí a fi awọ bò lójú, tí a fi igi gígùn bọ̀, tí a sì so okùn mọ́. Òun ni bánjò. Ní Senegal àti Gambia, àwọn ẹ̀yà Jola ṣì ń ta ohun tí ó jọ ọ́, akonting ni wọ́n ń pè é. Bánjò tún padà wá sí ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ó yá. Àwọn onijùjú àkọ́kọ́ ní Èkó, irú Túndé King ní àwọn ọdún 1930, lò ó.

Àwọn ẹrú náà kọ́ gòjé òyìnbó, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ ní Virginia, bí ẹrú bá sá, olówó rẹ̀ a kéde rẹ̀. Yóò sọ bí ó ti ga tó, àpá tí ó wà lára rẹ̀, yóò sì fi kún un nígbà mìíràn pé ó mọ gòjé í ta. Àwọn ni wọ́n ń ta gòjé níbi ijó àwọn òyìnbó. Orin Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ìlù inú ara wọn sí i. Àwọn òyìnbó náà kọ́ bánjò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí gòjé àti bánjò bá ń lọ pọ̀, gòjé a máa fa orin náà gùn, bánjò a máa gé e sí wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Orin tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ti Írẹ́lándì mọ́, kì í sì í ṣe ti Áfíríkà. Ti Amẹ́ríkà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ijó. Ní New York, ní àdúgbò kan tí ń jẹ́ Five Points, àwọn ará Írẹ́lándì tí kò ní nǹkan àti àwọn ènìyàn dúdú tí kì í ṣe ẹrú ń gbé pọ̀. Ará Írẹ́lándì a dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa fi lu pákó. Ènìyàn dúdú a tẹ̀, a yí, a fi ẹsẹ̀ fà nílẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Ní àwọn ọdún 1840, ọmọkùnrin dúdú kan, William Henry Lane, tí wọ́n ń pè ní Juba, bá John Diamond, oníjó òyìnbó tí òkìkí rẹ̀ kàn, díje nínú irú ijó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ijó tí wọ́n ń fi bàtà onírin lu ilẹ̀ ti ṣẹ̀.

Giramafóònù dé

Ní ọdún 1927, Ralph Peer gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sínú àwo wá sí Bristol, ìlú kan ní ààlà Tennessee àti Virginia. Àwọn ará òkè wá kọrin. Lára wọn ni ìdílé Carter: A.P., ìyàwó rẹ̀ Sara, àti Maybelle. Oyún wà nínú Maybelle, síbẹ̀ ó ta jìtá. Àwo wọn tà káàkiri Amẹ́ríkà.

Oníṣòwò fẹ́ orin sí i. A.P. Carter bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri láti wá àwọn orin àtijọ́. Ẹni tí ó bá a rìn ni Lesley Riddle, ọkùnrin dúdú kan tí ó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan. A.P. ń kọ ọ̀rọ̀ orin sínú ìwé. Riddle ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ sórí, tí yóò sì ta á fún wọn nígbà tí wọ́n bá délé. A kò gbọ́ ohùn Riddle lórí àwo wọn kankan.

Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn tí ń ta àwo ti pín in sọ́nà méjì: àwo fún aláwọ̀ dúdú, àwo fún òyìnbó tí ó wà ní oko. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kì yóò ra ti ẹnìkejì. Ènìyàn dúdú tí ó ń ta gòjé kò rí ibi tí yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi wá gbà pé orin òkè jẹ́ ti òyìnbó nìkan.

Ṣùgbọ́n àwọn olórin mọ òtítọ́. Bill Monroe ará Kentucky ni wọ́n ń pè ní baba orin bluegrass, orin gòjé àti bánjò tí ó yára bí iná ọyẹ́. Ó sọ ọ́ léraléra pé ènìyàn méjì ló kọ́ òun: arákùnrin ìyá òun, Pendleton Vandiver, tí ó mọ orin gòjé àtijọ́, àti Arnold Shultz, ọkùnrin dúdú kan tí òun máa ń bá lọ síbi ijó.

Àwo orin gba ojú òkun padà pẹ̀lú. Michael Coleman, atagòjé láti Sligo ní Írẹ́lándì, ta gòjé sínú àwo ní New York láti ọdún 1921. Wọ́n fi àwo náà ránṣẹ́ sílé. Àwọn atagòjé ní àwọn agbègbè mìíràn ní Írẹ́lándì gbọ́ ọ, wọ́n sì ń pa ọwọ́ tiwọn tì, wọ́n ń kọ́ ọwọ́ Sligo. Bí àwo kan ṣe lè gbà orin kan là, kí ó sì pa òmíràn run nìyẹn.

Ní Mebane, ní North Carolina, baba dúdú kan wà tí ń jẹ́ Joe Thompson. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gòjé, bàbá bàbá rẹ̀ tí ó ṣe ẹrú rí ló sì kọ́ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 2005, nígbà tí ó di ẹni ọdún 86, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́ta, Rhiannon Giddens, Dom Flemons àti Justin Robinson, bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ilé rẹ̀ ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò fi ìwé kọ́ wọn. Etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, Carolina Chocolate Drops, àwo wọn sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2011.

Baba náà kú ní ọdún 2012, ní ẹni ọdún 93. Giddens kò fi orin rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti kọ orin ijó àwọn ará òkè Skọ́tlándì pẹ̀lú, ní èdè Kẹ́ltì tiwọn gan-an.